Ọ̀gá Tí Ó Ti Dátà Mọ́lé

Philemon kó àṣírí igba ènìyàn ó lé mẹ́tàlá tí wọ́n fọkàn tán an, ó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, ó sì ní kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọjà Ìdópẹ. Ohun tí ó ṣe nìyẹn. Kò dára, kò sì sí àlàyé tí ó lè sọ ọ́ di dáadáa. A óò rẹ́rìn-ín nínú ìtàn yìí, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí ẹ̀rín gbàgbé pé obìnrin kan sunkún nítorí rẹ̀.

Ìdópẹ kò jìnnà sí Erinje ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Ẹni tí kò bá gbin ẹ̀gẹ́ níbẹ̀, ọ̀pẹ ni ó ń gbìn. Ẹni tí kò bá gbin méjèèjì, á jẹ́ pé ọ́fíìsì ni ó ń jókòó sí. Philemon ń jókòó sí ọ́fíìsì. Òun ni Alákòóso Ilé-iṣẹ́ Ìrànwọ́ Àgbẹ̀, ilé-iṣẹ́ oníyàrá mẹ́rin tí ó ní akọ̀wé kan tí ń jẹ́ Dora, àti ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Àlàmú tí ń tọ́jú ilé ẹrù. Ajílẹ̀ ni wọ́n ní kí Àlàmú máa tọ́jú, ṣùgbọ́n inú ọ̀gá rẹ̀ ni ó ń tọ́jú jù.

Orúkọ Philemon bẹ̀rẹ̀ lára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀, ó parí lára ògiri: ỌLỌ́LÁ JÙLỌ ALÀGBÀ OLÓYÈ PHILEMON, ALÁKÒÓSO, AṢÁÁJÚ, ATỌ́NÀ, ÀTI BẸ́Ẹ̀ BẸ́Ẹ̀ LỌ. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ní kí wọ́n kọ “àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ” síbẹ̀, kí àyè lè wà fún oyè tí ó ṣì ń bọ̀. Bí ènìyàn bá kí i láìpe gbogbo rẹ̀ tán, etí rẹ̀ kì í gbọ́.

Ní ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù Kejì ọdún 2025, lẹ́tà dé láti olú ilé-iṣẹ́ ní Àkúrẹ́. Lẹ́tà náà sọ pé ìjọba àpapọ̀ ti ṣe òfin lórí ìdáàbòbò dátà láti ọdún 2023, àti pé kí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yan ẹnì kan tí ó ṣeé fọkàn tán tí yóò máa bójú tó o. Philemon ka “ẹni tí ó ṣeé fọkàn tán”, ó sì rí ojú ara rẹ̀ níbẹ̀ kedere bí ẹni tí ń wo dígí.

“Àlàmú,” ó pè, “kí ni dátà?”

“Ọlọ́lá jùlọ, ṣé èyí tí a ń rà sórí fóònù ni? Tí a fi ń wo fídíò? Tí ó máa ń tán kí fídíò tó dé ìdajì?”

“Mo mọ̀! Mo kàn ń dán ọ wò ni. O yege.”

“Ọpọlọ yín ti pọ̀ jù, sà. Ẹ máa rọra lò ó.”

Dora, tí ó ti ka lẹ́tà náà kí ó tó gbé e wọlé, wúkọ́ díẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, àlàyé ohun tí wọ́n ń pè ní dátà wà lójú ewé kejì. Kì í ṣe ti orí fóònù.”

“Dora, ọdún mélòó ni o ti bá mi ṣiṣẹ́?”

“Ọdún mẹ́fà, sà.”

“O ò sì tíì mọ̀ pé ọ̀gá kì í ka ojú ewé kejì? Ojú ewé kìn-ín-ní ni wọ́n kọ sí ọ̀gá. Èyí tó kù, àwọn ọmọ abẹ́ ni wọ́n kọ ọ́ sí.”

Àlàmú pàtẹ́wọ́. Ká ní Philemon ṣí ojú ewé yẹn ni, ìtàn yìí ì bá parí síbí, kálukú ì bá sì gba oko rẹ̀ lọ.

Wọ́n fi oyè Ọ̀gá Olùdáàbòbò Dátà dá Philemon lọ́lá ní ọjọ́ Ẹtì. Kò sí ẹni tí ó tó láti búra fún un ní gbogbo ilẹ̀ Ìkálẹ̀, gẹ́gẹ́ bí òun ti wò ó, nítorí náà ó búra fún ara rẹ̀. Ó bi Philemon léèrè bóyá yóò ṣòótọ́. Philemon dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ ọ̀tún bọ ọwọ́ òsì, ó sì kí ara rẹ̀ kú oríire. Ó wá di gbohùngbohùn mú.

“Ẹ̀yin ará Ìkálẹ̀ nílé lóko, ẹ̀yin tí ẹ wà láàyè àti ẹ̀yin tí a kò tíì bí! Láti òní lọ, bí olè bá dé láti Akotogbo, kò ní rí dátà jí. Bí ó bá dé láti Iyansan, kò ní rí dátà jí. Bí ó bá wọ ọkọ̀ òfurufú wá láti Amẹ́ríkà, èmi ni yóò bá lẹ́nu ọ̀nà!”

“Kí ló dé tó jẹ́ Akotogbo lẹ kọ́kọ́ dárúkọ?” ni ọkùnrin kan tí ó wá gba ajílẹ̀ láti Akotogbo béèrè.

Philemon ṣí aṣọ lórí ohun tí wẹ́dà ti ń jó fún un láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Àpótí irin ni, ó nípọn, kò ní ihò kankan. Inú rẹ̀ ni wọ́n gbé ẹ̀rọ kékeré tí ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì fún ọ́fíìsì sí. Philemon ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ó fi àgádágodo ńlá sí i, ó sì so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ ọrùn. Kò pẹ́ tí Dora fi sáré jáde láti yàrá rẹ̀.

“Sà, irin yẹn ti dí ẹ̀rọ náà. Kọ̀ǹpútà kò rí íńtánẹ́ẹ̀tì mọ́.”

Ojú Philemon tàn. “Ẹ gbọ́! Bí ìwọ tí o jókòó tì í kò bá rí i, ṣé olè ni yóò wá rí i?”

Àlàmú kúnlẹ̀ níbi tí ó dúró sí. Ó ní òun kò tíì rí irú ìdáàbòbò bẹ́ẹ̀ rí. Òótọ́ ni ó sọ, kò sí ẹlòmíràn tí ó rí i rí.

Ohun tí ó wá fa wàhálà nìyí. Nínú oṣù Kìn-ín-ní, àwọn àgbẹ̀ ti forúkọ sílẹ̀ fún igi ẹ̀gẹ́ tuntun, ọmọ ọ̀pẹ àti oògùn apakoríko. Fọ́ọ̀mù béèrè orúkọ, ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà fóònù, iye ìyàwó àti ọmọ, ó sì béèrè àìsàn tí ó ti ṣe ènìyàn rí, kí wọ́n má baà gbé oògùn olóró fún ẹni tí ara rẹ̀ kò le. Ìbéèrè tó dára ni. Dora ni ó jókòó gba fọ́ọ̀mù wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, òun ni ó sì ń sọ fún wọn pé, “Ẹ sọ òótọ́, mà. Ẹ sọ òótọ́, sà. Inú fáìlì ni yóò wà.”

Orí fóònù ni ó yẹ kí wọ́n ti fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn tí orúkọ wọn jáde. Ṣùgbọ́n kò sí íńtánẹ́ẹ̀tì mọ́, iṣẹ́ kò lè lọ, òjò sì ti ń ṣú. Àwọn àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wá sí ọ́fíìsì.

“Tẹ gbogbo rẹ̀ jáde,” ni Philemon wí, “kí Àlàmú lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọjà.”

“Orúkọ wọn nìkan, àbí, sà?”

“Gbogbo rẹ̀ ni mo wí! Ìjọba tí kò ní nǹkan pamọ́ ni tèmi.”

“Sà, àìsàn wọn wà níbẹ̀. Ọjọ́ ìbí wọn wà níbẹ̀. Àwọn nǹkan yìí gan-an ni dátà tí lẹ́tà ń wí.”

Philemon fi ìka kan kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́rùn rẹ̀. “Dátà wà nínú àpótí. Bébà ni ìyẹn. Òfin sọ dátà, kò sọ bébà.”

“Mo ti ṣèlérí fún wọn, sà.”

“Ta ló fún ọ láṣẹ? Iṣẹ́ ọ̀gá ni ìlérí.”

Sítáàṣì ẹ̀gẹ́ ni Àlàmú fi lẹ̀ ẹ́, ó sì lẹ̀ ẹ́ bí ẹni tí wọ́n ṣèlérí oyè fún. Nígbà tí yóò fi di agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà, ẹ kò lè rí ọ̀nà gbà níwájú ògiri yẹn. Àwọn tí kò kàwé ń sanwó fún àwọn tó kàwé. Desmond, tí ó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ akọrin, tí gbogbo ìjọ mọ̀ ní ọkọ aya kan, ti kọ ìyàwó mẹ́ta sínú fọ́ọ̀mù nítorí ó gbọ́ pé iye ènìyàn inú ilé ni wọn yóò fi pín igi ẹ̀gẹ́. Méjì nínú wọn tí kò mọ ara wọn rí pàdé níwájú ògiri. Wọ́n kí ara wọn dáadáa, wọ́n sì jọ gba ọ̀nà oko rẹ̀ lọ. Desmond kò kọrin ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e. Ohùn rẹ̀ ń bẹ, eyín ni kò pé.

Ẹ lè rẹ́rìn-ín Desmond, òun ni ó fẹ́ ìyàwó mẹ́ta. Ṣùgbọ́n Catherine kò ṣe nǹkan kan.

Opó ni Catherine. Ìyá Jésùtómi ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Epo pupa ni ó ń fọ, ìyẹn nìkan ni ó sì fi ń bọ́ ilé láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Ohun tí ó kọ sínú fọ́ọ̀mù ni pé: “Ikọ́ ẹ̀gbẹ, ọdún 2017. Mo lo oògùn oṣù mẹ́fà tán. Dókítà ní mo ti sàn.” Ṣùgbọ́n àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún àìsàn lórí bébà tóóró. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni ó gbà. Nítorí náà, ohun tí ará ọjà kà ni: CATHERINE. IKỌ́ Ẹ̀GBẸ.

Susan, tí ó máa ń wá láti Akotogbo ra ogún kẹ́ẹ̀gì epo lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ọjà, dúró lókèèrè lọ́jọ́ náà.

“Ìyá Jésùtómi, ẹ má bínú. Èmi ò sọ nǹkan kan o. Àwọn oníbàárà mi ni wọ́n ń bi mí pé epo ta ni.”

“Susan, ó ti tó ọdún mẹ́jọ tí mo ti sàn. Inú epo yìí kan náà lo ti ń rà látìgbà yẹn.”

“Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí rọlẹ̀ ná.”

Kò rọlẹ̀. Ọjọ́ ọjà mẹ́ta kọjá, kẹ́ẹ̀gì kan kò kúrò nílẹ̀. Ní ìjọ Aládùúrà tí ó ń lọ, àga onígi tí ènìyàn márùn-ún máa ń fún mọ́ ara wọn lórí rẹ̀ di ti òun nìkan. Ó jókòó sáàárín rẹ̀ nínú sùtánà funfun rẹ̀, kò wúkọ́, ó tilẹ̀ ń bẹ̀rù láti kọrin sókè. Nígbà tí ó délé ni ó tó sunkún. Ní ọjọ́ kejì, ó wọ bàtà, ó sì gba ọ́fíìsì lọ.

“Ọ̀gá Philemon, ẹ káàárọ̀.”

Philemon wo ẹ̀yìn ara rẹ̀ bóyá Philemon mìíràn ni wọ́n ń kí.

“Ẹ pè é tán, Ìyá,” ni Àlàmú wí. “Ẹ ò tíì dé ìdajì.”

“Ẹ má bínú, ẹ̀dùn ọkàn ni. Sà, wọ́n lẹ orúkọ mi mọ́ ògiri pẹ̀lú àìsàn tí mo ti wò sàn. Epo mi ò tà mọ́. Ẹ yọ ọ́ kúrò, kí ẹ sì sọ fún ará ọjà pé ara mi yá.”

Philemon mú gègé. “Ìyáàfin, ṣé ẹnikẹ́ni jí dátà yín?”

“Dátà kẹ̀? Mi ò ní dátà, sà. Fóònù oníbọ́tìnnì ni mo ń lò.”

“Àlàmú, o gbọ́? Kò ní dátà! Ẹni tí kò ní dátà, kí ni a fẹ́ dáàbò bò níbẹ̀?” Ó kọ “Ẹjọ́ ti parí” sórí ìwé, ó sì fi òǹtẹ̀ lù ú lẹ́ẹ̀mẹta. “Ẹ wá wo àpótí wa kí ẹ tó lọ. Ọ̀fẹ́ ni.”

Catherine wo àpótí náà, ó wo kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́rùn rẹ̀. “Ọ̀gá,” ó wí, “ẹ̀rọ lẹ tì mọ́lé, ẹ wá ṣí èmi sílẹ̀ fún gbogbo ayé.”

Kò tíì dé ẹnu ọ̀nà ńlá tí Dora fi bá a. Lẹ́tà Àkúrẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹ jókòó, mà. Èmi ni mo ní kí ẹ sọ òótọ́, ọ̀rọ̀ náà kò sì jẹ́ kí n sùn. Ẹ wo ojú ewé kejì yìí. Ohun tí òfin ń pè ní dátà nìyí: orúkọ ènìyàn, ọjọ́ ìbí rẹ̀, ibi tó ń gbé, àìsàn rẹ̀.”

Catherine ronú díẹ̀. “Ṣé èmi gan-an wá ni dátà?”

“Ẹ̀yin gan-an ni, mà.”

“Ta ni a máa ń fi irú ẹjọ́ yìí sùn?”

Wọ́n kọ ẹ̀sùn náà lábẹ́ igi máńgòrò. Dora ni ó mú gègé, Catherine ni ó fọwọ́ sí i. Ó wá kúkú fi òǹtẹ̀ ìka rẹ̀ tì í, kí wọ́n má baà sọ pé kì í ṣe òun.

Àjọ tí ọ̀ràn dátà wà lọ́wọ́ wọn dáhùn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n kọ̀wé sí Philemon pé àwọn ń bọ̀ wá wo bí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ń dáàbò bo dátà, àti pé ìdí àbẹ̀wò náà wà lójú ewé kejì. Ẹ ti mọ èyí tó kù. Philemon pinnu pé àmì ẹ̀yẹ ni wọ́n ń gbé bọ̀. Ó kan ìṣó mọ́ ògiri níbi tí yóò gbé e kọ́, ó pe ẹgbẹ́ akọrin, ó sì rán agbádá tí ọmọ méjì lè sùn nínú apá rẹ̀.

Ní ọjọ́ náà, ọ̀dọ́mọbìnrin kan sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó gbé báàgì kékeré kọ́ èjìká. Philemon wò ó lókè wò ó nísàlẹ̀.

“Lọ jókòó lẹ́yìn, ọmọ mi. À ń retí àlejò pàtàkì.”

Ó lọ jókòó lẹ́yìn. Gbogbo wọ́n dúró nínú oòrùn fún wákàtí kan, wọ́n ń wo títì. Nígbà tí ó tó gẹ́ẹ́, ọmọbìnrin náà nawọ́ sókè.

“Ẹ má bínú, sà. Jùwọ́nlọ́lá lorúkọ mi. Èmi ni àlejò náà.”

Agbádá Philemon wólẹ̀ kí òun fúnra rẹ̀ tó tẹ̀ba. Ó mú un lọ sídìí àpótí, akọrin gbé orin, ó bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, ó sì ṣí i. Ẹ̀rọ kékeré náà ti kú tipẹ́. Ooru inú irin ti yọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan.

“Dátà nìyí,” ni Philemon wí. “Kò tíì sí ẹni tó jí i.”

Jùwọ́nlọ́lá tẹjú mọ́ ẹ̀rọ tó yọ́ náà. Ó wo Philemon bóyá eré ni ó ń ṣe. “Sà,” ó wí níkẹyìn, “ẹ jẹ́ kí a lọ wo ògiri ọjà.”

Àlàmú ni ó ṣíwájú. Kò tíì mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Ó rò pé ìyìn ni ó kù. Ó na ìka sókè lórí bébà, ó sì ké tantan kí gbogbo ọjà lè gbọ́.

“Nọ́ńbà kìn-ín-ní! Ta ni ì bá tún jẹ́? Ọlọ́lá jùlọ Alàgbà Olóyè Philemon! Ọjọ́ ìbí: ọjọ́ kẹta oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1962!”

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Igi ẹ̀gẹ́ ìlọ́po méjì ni wọ́n fẹ́ fún ẹni tó bá ti ju ọgọ́ta ọdún lọ, Philemon kò sì fẹ́ kí ìdì kan kọjá òun. Nítorí náà, ó kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n nínú fáìlì iṣẹ́ ìjọba, ọdún 1970 ni wọ́n bí i. Aṣọ ńlá tí wọ́n kọ “Ẹ KÚ ỌJỌ́ ÌBÍ ÀÁDỌ́TA ỌDÚN Ó LÉ MÁRÙN-ÚN” sí lára ṣì wà lójú ọ́fíìsì. Àlàmú ni ó so ó. Ẹni tó bá sì pé ọgọ́ta ọdún lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ilé ni ó yẹ kí ó lọ jókòó sí. Ará ọjà ti rí i tipẹ́, wọ́n ti fi rẹ́rìn-ín nídìí ààrò. Kò sí ẹni tó láyà láti kà á sókè ni.

“Pa ẹnu rẹ dé!” Philemon fò sókè, ó fi agbádá bo bébà náà. “Ta ló gbé ọjọ́ ìbí mi síta? Ọ̀rọ̀ ara mi nìyẹn! Inú fáìlì ni mo ní kí ó wà! Kò sí ẹni tó láṣẹ láti fi han ayé láìbi mí!”

Jùwọ́nlọ́lá yọ gègé. “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un sọ, sà, kí n kọ ọ́ bí ẹ ṣe sọ ọ́ gan-an. N kò tíì gbọ́ ẹni tó ṣàlàyé òfin náà yéni tó báyìí.”

Kí oṣù náà tó parí, Àkúrẹ́ kọ̀wé pé kí Philemon má wá sí ọ́fíìsì mọ́. Wọ́n fi Dora sí ipò rẹ̀ ná. Àlàmú fúnra rẹ̀ ni ó tú orúkọ kúrò lára ilẹ̀kùn, ó sì wọlé lọ kí Dora: “Ọpọlọ yín ti pọ̀ jù, mà.”

“Àlàmú, lọ ka ajílẹ̀.”

Àjọ náà ní kí wọ́n ha bébà kúrò lára ògiri, kí Philemon sì tọrọ àforíjì níbẹ̀ gan-an, ní ọjọ́ ọjà, pẹ̀lú ohùn tí gbogbo ènìyàn yóò gbọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ilé ẹjọ́ ni. Ó wá pẹ̀lú ojú ewé mẹ́sàn-án.

“Ẹ̀yin ènìyàn mi ọ̀wọ́n! Bí ó bá ṣẹlẹ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀, tí ẹnì kan sì rò pé nǹkan ọ̀hún dun òun, a jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kí...”

“Ta ni ‘ẹnì kan’?” Catherine ti dìde láàárín èrò. “Ẹ lẹ orúkọ mi síbí. Ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ pè é.”

“Ìyáàfin, mo ń bọ̀ wá síbẹ̀ lójú ewé keje.”

“Mi ò lè dúró dé ibẹ̀.” Ó gbé abọ́ kan sílẹ̀ níwájú rẹ̀: púpurù ẹ̀gẹ́ tí ń gbóná, àti ọbẹ̀ ẹja tí epo rẹ̀ pọ́n bí iná. “Àná ni mo fọ epo yìí. Ẹ jókòó, ẹ jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà kí ẹ sọ ohun tó bá wà lẹ́nu yín.”

Susan nà sókè lórí ìka ẹsẹ̀. Philemon wo ọbẹ̀ náà, ó fà sẹ́yìn. Òun náà ti gbọ́ ohun tó wà lórí bébà tí òun fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n lẹ̀, ó sì ti gbà á gbọ́. Ẹ̀rù bà á bí ó ti ń ba gbogbo ọjà láti oṣù méjì. Nígbà náà ni ó tó mọ ohun tí ó ṣe sí obìnrin yìí. Ó gé òkèlè kan tín-ín-rín, ó di ojú, ó gbé e mì. Ó gé èkejì, èyí tóbi díẹ̀. Nígbà tí yóò fi kan ẹ̀kẹta, kò di ojú mọ́.

Ó fi bébà mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án sílẹ̀. Ètè rẹ̀ pọ́n fún epo, ohùn rẹ̀ kò sì tóbi mọ́. Èdè Ìkálẹ̀ tí ìyá rẹ̀ fi tọ́ ọ ni ó fi sọ ọ́, kò fi oyè kankan sí i:

“Catherine, Ìyá Jésùtómi, èmi ni mo ṣe é. Ẹ sọ fún wa pé àìsàn ṣe yín, ẹ sì sọ fún wa pé ẹ ti sàn. Mo gbé ìdajì jáde, mo fi ìdajì pamọ́. Ara yín yá. Epo yín dára, mo jẹ ẹ́ lójú gbogbo ayé. Ẹ̀yin tí orúkọ yín wà lára ògiri yìí, ọ̀rọ̀ ara yín ni, kì í ṣe tèmi láti fọ́n káàkiri. Mo ṣẹ̀ yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dárí jì mí.”